Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ sí Fọ́ọ̀mù Lọ́jọ́ Iná

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo ṣáná sí koríko, ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí oṣù kejì ọdún ń parí lọ. Àkókò náà dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi tán ni. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì ní oko ìyá mi, tó wà ní ọ̀nà Òfíkì, bẹ́ẹ̀ ni mo ní fọ́ọ̀mù kan láti parí nílé, ní Tẹ̀dé, kí ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú.

Bí a ṣe ń sun oko lọ́dọ̀ wa kò ṣòro. Wàá kọ́kọ́ ro etí oko yíká títí ilẹ̀ yóò fi hàn, kí iná má baà rí nǹkan jẹ kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà wàá ké “Iná o! Iná o!” sí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó bá wà nítòsí lè múra sílẹ̀. Bí o bá sun ún tán, o ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí eérú yóò fi tutù. Òfin kan tún wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Bí iná rẹ bá ṣèèṣì kọjá sí oko ẹlòmíì, kí o lọ sọ fún un kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Bí o bá sọ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀, àṣìṣe ni, wọ́n á bá ọ kẹ́dùn. Bó bá di ọjọ́ kejì, o ti fi í pamọ́ nìyẹn, ó ti di ẹjọ́.

Mo ro apá mẹ́ta. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló wà ní apá kẹrin, mo sì pinnu pé ó fẹ̀ tó. N kò ké. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnì kankan. Ohùn mi kì í sábà jáde. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo máa ń kí èèyàn bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó jọ ìwà wèrè lójú mi kí n dá dúró sáàárín igbó kí n máa lọgun. Mo dúró títí ọwọ́ iná fi wálẹ̀, mo da omi mímu tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì mi sí i, mo sì gba ilé lọ nígbà tí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Kùkùté igi kan ṣì ń yọ èéfín. Mo rí i. Mo rò pé kò lè ṣe nǹkan.

Fọ́ọ̀mù tí mò ń sáré lọ bá náà jẹ́ ti àjọ kan tó ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà láwọn abúlé. Mo ti gboyè ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé aládàáni kan níbí. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, wọ́n sì sọ ìyá mi di Ìyá Tíṣà. Iṣẹ́ àjọ yẹn wù mí gan-an. Ìbéèrè kan ló dá mi dúró. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ṣàpèjúwe ara mi, kí n sì sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó fi í hàn. Mo kọ “careful”. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní yunifásítì, mo kà á fún un lórí fóònù.

“Careful? Ṣé dírẹ́bà ni wọ́n fẹ́ gbà ni?”

“Kí ni kí n wá kọ?”

“Kọ ‘courageous’. Wọ́n máa ń fẹ́ràn ẹ̀.”

“Ìgboyà wo ni mo ti ní rí?”

“Ta ló fẹ́ wá wádìí ẹ̀ ní Tẹ̀dé? Sáà kọ ọ́, jàre.”

Mo pa “careful” rẹ́, mo kọ “courageous”. Fóònù máa ń tọ́jú àkókò: aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo fi í pamọ́. Mo fi ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹ kó wà sílẹ̀ lófìfo. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí mi. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní í. Gbólóhùn tó wà nínú ìwé ni mo máa ń kọ sójú pátákó, pé ọdẹ náà jẹ́ “courageous”, àwọn ọmọ á sì kọ ọdẹ, wọ́n á kọ sójà, wọ́n á kọ kìnnìún. Kò sí ẹni tó béèrè rí pé ta ló rí ọdẹ náà níbi tó ti ṣe é.

Bí mo ṣe ń wo ọ̀rọ̀ yẹn lójú fóònù ni mo gbọ́ ariwo ní títì. Èéfín dúdú ti gòkè ní apá Òfíkì. Kajú bàbá olórí àgbẹ̀ ló ń jó.

Bàbá yìí ni olórí àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa. Oko kajú rẹ̀ bá oko ìyá mi pààlà, àní ilẹ̀ tí ìyá mi ń dá gan-an, òun ló yọ̀ǹda rẹ̀. Kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so lọ́wọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ṣẹ́ ewé tútù, wọ́n fi ń lu iná, wọ́n sì rí i pa kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì. Mo dúró síta, mo kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Oòrùn kò tíì kan òrùlé. Àyè ṣì wà fún mi.

Ohun tí mo fi àyè náà ṣe ni pé mo ń wá ẹ̀rí. Mo sọ fún ara mi pé n kò rí iná tó kọjá. Mo ní ó lè jẹ́ ọdẹ tó ń lé ọ̀yà. Ó lè jẹ́ ẹni tó sọ ìdí sìgá nù. Ó lè jẹ́ àwọn darandaran, torí àwọn náà máa ń sun koríko gbígbẹ kí tútù lè hù fún màlúù wọn. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí ló lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣì ń yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí oòrùn wọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí oòrùn tó mú, mo lọ wò ó. Ilẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kùkùté yẹn, ó kọjá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níbi tí ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀, ó sì lọ láìjá títí dé ìdí kajú àkọ́kọ́. Mo fi ẹsẹ̀ mi tọ̀ ọ́. Mo ka igi tí iná bà jẹ́: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn n kò ní iyèméjì kankan mọ́.

Nígbà tí mo padà dé ojúlé wa, ìyá oníwàrà ni mo bá níbẹ̀. Fúlàní ni, ìtòsí Ṣakí ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá bí àwa náà. Ọkọ rẹ̀ ń da màlúù ní òdìkejì oko kajú, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Àràárọ̀ ló máa ń ru wàrà wá sí àdúgbò wa. Lọ́jọ́ náà, igbá rẹ̀ kún dẹ́nu. Aládùúgbò wa kan, tó ń ta ọṣẹ, dúró síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí.

“Gbé wàrà ẹ kúrò níbí! Ọkọ ẹ sun kajú bàbá, o tún ń wá ta wàrà fún wa!”

“Ọkọ mi ò sí nílé. Àtọjọ́rú ló ti lọ sí Ìgbòho.”

“Ṣé kò lè ti ibẹ̀ rán iná ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá oníwàrà gbé igbá rẹ̀ sọ̀.

“Bó bá mọ iná í rán láti Ìgbòho, ṣebí á ti rán díẹ̀ sí mi láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo fẹ́ná títí ojú mi fi pọ́n báyìí.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ra wàrà.

“Máa ṣe yẹ̀yẹ́ lọ,” ni ọlọ́ṣẹ sọ. “Lọ́la, aago mẹ́wàá, ẹ ó wá sọ tẹnu yín níwájú bàbá. Wọ́n ní ẹ máa kó màlúù yín kúrò lórí ilẹ̀ yìí ni, kí òjò tó dé.”

Ìyá oníwàrà rí mi lẹ́yìn wọn. “Tíṣà, ṣé o ò ra wàrà lónìí?”

“Mà á rà á lọ́la, mà,” ni mo wí. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, gbólóhùn yìí ni mo kórìíra jù.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásàrí mo sọ fún ìyá mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dáwọ́ dúró.

“Ṣé o ké?”

“N ò ké, Màámi.”

“Ṣé o dúró ti eérú?”

“N ò dúró.”

“Àfi ìwé lo mọ̀.” Ó wo ìta. “Oòrùn sì ti wọ̀ lé e lórí.”

“Mo mọ̀.”

“Ilẹ̀ tí mò ń dá, ta ló ni ín?”

“Bàbá ni.”

Ó tún gbé àwo náà, ó fẹ́ pàǹtí orí rẹ̀ dànù. “Mi ò ní kí o má sọ ọ́. Mi ò sì ní bá ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá máa sọ ọ́, sọ ọ́ tán. Má lọ sọ ìdajì kí o wá fi Gẹ̀ẹ́sì bo ìdajì.”

Ní ọjọ́ Ajé, mo gba àyè nílé ìwé. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, àwọn àgbẹ̀ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé bàbá. Wọ́n tó ogún ọkùnrin, àwa obìnrin díẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ṣí ìwé sórí itan. Ìyá oníwàrà nìkan ló wá láti ilé tiwọn. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Ọkọ ẹ dà?” ni akọ̀wé béèrè.

“Kò tíì dé, sà. Fóònù ẹ̀ ò lọ.”

Ọkùnrin kan nínú wọn sọ pé, “A kì í bá obìnrin ṣẹjọ́ màlúù. Máa lọ sílé. Bí ọkọ ẹ bá dé, kó wá.”

Mo ń ṣọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò lè bá a wí bó bá dìde lọ lásìkò yẹn. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká.

“Bí mo bá lọ, ẹ ó ti dá ẹjọ́ tán kó tó dé,” ni ó wí. “Èmi ni mo wà nílé lọ́jọ́ tí iná jó, èmi ni kí ẹ bi. Mi ò mọ ẹni tó dáná. Ṣùgbọ́n iná lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ká jọ lọ wo ibi tó ti rìn wá. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló ti wá, èmi fúnra mi ni mà á tú àgọ́ wa lónìí.”

Kò tíì dé ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Kò mọ ohun tí a máa bá níbẹ̀. Ó kàn mọ ohun tí òun kò ṣe, ó sì fi ilé rẹ̀ sórí ìyẹn. Èmi tí mo ti tọ ipa iná náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àlejò.

Bàbá na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Mo rò ó kíákíá. Bí wọ́n bá débẹ̀, ilẹ̀ yóò sọ ọ́, n kò ní í la ẹnu mi rárá. Ṣùgbọ́n nígbà náà, wọ́n mú mi ni. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ohùn kò jáde. Mo tún un sọ, ọkùnrin tó wà nítòsí mi sì gbọ́.

“Ẹ dákẹ́, Tíṣà ń sọ̀rọ̀!”

“Ẹ má wulẹ̀ lọ, sà,” ni mo wí. “Iná mi ni.”

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ tán: apá kẹrin tí n kò ro, igbe tí n kò ké, kùkùté tí mo rí tó ń yọ èéfín, ipa iná tí mo fẹsẹ̀ tọ̀.

“Ìgbà wo lo mọ̀?” ni bàbá béèrè.

“Láàárọ̀ àná ló dá mi lójú, sà. Ṣùgbọ́n mo ti fura láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.”

“Kí oòrùn tó wọ̀ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?”

“Kí ó tó wọ̀, sà.”

Wọ́n kùn. Mo gbọ́ ìró aṣọ lẹ́yìn mi, mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá mi ni. N kò mọ̀ pé ó wá. Ó ti ní òun ò ní bá mi sọ ọ́, kò sì sọ nǹkan kan lóòótọ́. Ó kàn kúnlẹ̀.

Bàbá wo àwa méjèèjì. “Ìyá Tíṣà, dìde. Ìwọ kọ́ lo ṣáná, ilẹ̀ tí mo fún ẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ.” Ó kọjú sí mi. “Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ní iná ò mọ̀wé, ká jọ rẹ́rìn-ín. Oòrùn méjì ti wọ̀ báyìí. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, kí o tó lọ síbi kankan, wàá wá ro ìdí kajú mi títí òjò yóò fi múlẹ̀. Èyí tó bá kú, ìwọ lo máa gbin òmíì dípò ẹ̀.”

“Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣeun, sà.”

Ó wá sọ fún ìyá oníwàrà pé, “Ìwọ náà dìde. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe tìẹ. Àwa la jẹ̀bi ẹ.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, akọ̀wé pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé, “You are a courageous girl.” Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni. Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹlòmíì, tó sì dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló dé? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì mi ti dípẹtà ni?”

“Ó dáa, sà. Èmi ni kò bá mu. Oòrùn wọ̀ lójú mi. Wọ́n ní kí ìyá yẹn máa lọ sílé, kò lọ.”

Ó wo ìyá oníwàrà, tó ń to ewé bo wàrà rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ yẹn, a kì í fi pe ara ẹni. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló ń fi pe èèyàn. Ìwọ wà níbẹ̀. Lọ sọ ọ́ fún un.”

Mo lé ìyá oníwàrà bá ní orí títì.

“Ìyá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo fẹ́ fi pè yín.”

“Má bú mi o.”

“Courageous.”

“Ṣé wọ́n máa ń fi gààrí mu ún ni?”

Mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀. N kò sọ pé akíkanjú, n kò sọ nípa kìnnìún. Mo ní, “Ẹ mọ ohun tí ẹ lè pàdánù, wọ́n sì fọ̀nà hàn yín kí ẹ máa lọ. Ẹ ò lọ.”

“Ibo ni mo fẹ́ lọ? Orúnkún mi ti kú, n ò lè dìde.” Ó rẹ́rìn-ín títí igbá fi mì lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí dáadáa. “Ṣùgbọ́n ìwọ pẹ́ o, Tíṣà. O jẹ́ kí wàrà ọjọ́ méjì kan mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Mo pẹ́, mà. Ẹ má bínú.”

Mo ra wàrà. Ó fi méjì ṣe ènì fún mi. Bóyá ó fi ìyẹn dárí jì mí ni, bóyá ènì lásán ni, n kò lè sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, mo pa “courageous” rẹ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù. “Careful” kò tún ṣeé kọ mọ́. Mo kọ “answerable”, ìyẹn ẹni tó ń jẹ́jọ́ ohun tó bá ṣe, mo sì kọ ìtàn iná náà síbi tó ṣófo, pẹ̀lú oòrùn tó wọ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi pariwo sí mi létí. “O sọ fún wọn pé o sun oko olóko?” Mo ní ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n béèrè.

Ní kíláàsì, mo pa gbólóhùn ọdẹ rẹ́ lójú pátákó. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kọ ohun tí òun fojú ara rẹ̀ rí, kó sì kọ ọ̀nà tí onítọ̀hún ì bá gbà yẹra. Ọmọbìnrin kan wá kọ ọ́ pé ìyá àgbà òun jẹ́ “courageous”, nítorí pé dókítà ní ó lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀, ìyá àgbà sì ní kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ní òun ni òun di ọwọ́ ìyá àgbà mú dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo fún un ní máàkì kíkún. Kìnnìún kò sí nínú ìwé ẹnì kankan lọ́jọ́ náà.

Àjọ yẹn kò tíì dá mi lóhùn títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, n kò sì mọ ohun tí wọ́n rò nípa fọ́ọ̀mù mi. Òjò ti múlẹ̀. Bàbá ní èyí tó pọ̀ jù nínú kajú náà yóò rúwé padà. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Mẹ́sàn-án ni mo ti fọwọ́ kan ewé tuntun lára wọn. Mo tún gbọ́ pé bàbá ló ránṣẹ́ sí ọkọ ìyá oníwàrà pé kó máa da màlúù wá jẹ koríko ìdí kajú, kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ má baà rí nǹkan jẹ. Gbígbọ́ ni mo gbọ́ ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí aago mẹ́jọ àárọ̀ ku díẹ̀, màlúù mẹ́rìnlá wà lábẹ́ kajú bàbá tí wọ́n ń jẹko, bàbá fúnra rẹ̀ sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òun àti ọkọ ìyá oníwàrà ń jiyàn lórí èwo nínú àwọn màlúù náà ni yóò kọ́kọ́ bímọ.